Ẹja Igi Tí Wọ́n Fi Orúkọ Òkú Tà

Lempi Kangas dúró níwájú àpótí dígí náà, ó tẹjú mọ́ ẹja inú rẹ̀, ó sì mọ̀ pé olè ti ja òun.

Ẹja páìkì ni, irú ẹja adágún ẹlẹ́nu gígùn kan, igi kédárì ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, ó gùn tó láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́. Ìrù rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀ sí òsì bíi ti ẹja tó fẹ́ yà lójijì. Àwọn lẹ́bẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n fi páànù agolo kọfí gé, kò dọ́gba. Lempi ló gbẹ́ ẹ ní ìgbà òtútù tó kọjá, lórí tábìlì ilé ìdáná rẹ̀. Àmọ́ nígbà tí ẹja náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ní àwọ̀ ewé tútù, ìkùn rẹ̀ funfun, ara rẹ̀ sì ń dán. Èyí tó wà nínú dígí yìí ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Ọ̀dà rẹ̀ ti sán wẹ́wẹ́, páànù rẹ̀ ti dógùn-ún. Wọ́n fi irin gbígbóná tẹ orúkọ kan sí ìkùn rẹ̀, káàdì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì tún orúkọ náà kọ gàdàgbà: Anselm Rudd.

Kò sí ẹni tí kò mọ orúkọ yẹn ní Halvor, ìlú wa. Apẹja ni Rudd, ó ti kú kí wọ́n tó bí púpọ̀ nínú wa. Bí àwa náà ṣe ń ṣe é títí dòní ló ń ṣe é: á gé ihò sínú yìnyín adágún, á fi okùn sọ ẹja igi sínú omi, á máa fà á kó máa lúwẹ̀ẹ́ yípo, nígbà tí ẹja gidi bá sì wá wò ó, á fi ọ̀kọ̀ gún un. Ìwọ̀nba ẹja igi tí Rudd fi sílẹ̀ ti di ohun tí àwọn olówó ń wá kiri gbogbo ìpínlẹ̀ Minisóta.

Ọjọ́ ìpàtẹ ẹja igi ni, nínú gbọ̀ngàn eré ìdárayá ilé ẹ̀kọ́. Èrò pọ̀. Lempi yíjú sí ọkùnrin arẹwà orí funfun tó dúró ti àpótí náà.

"Ta ló ni ẹja yìí?"

"Èmi ni, mà." Leland Fosse lorúkọ rẹ̀, dókítà eyín tó ti fẹ̀yìntì ni. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan dígí."

"Èmi ni mo gbẹ́ ẹ."

Fosse rẹ́rìn-ín músẹ́. "Rudd ló gbẹ́ ẹ. Òun àti bàbá mi jọ ń pẹja. Bàbá mi ní irú ẹ̀ kan, ó jóná mọ́lé nígbà tí mo wà ní kékeré. Ó tó ogójì ọdún tí mo ti ń wá òmíràn."

"Ọ̀rọ̀ bàbá yín lè jẹ́ òótọ́. Ẹja yìí, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Garrick Tolle ni mo tà á fún."

Garrick Tolle kò jìnnà. Ọkùnrin gíga ni, ohùn rẹ̀ rọ̀, ó máa ń gbá ọwọ́ arúgbó mú bí ẹni pé ọmọ bíbí inú wọn ni. Òun ló ń ra ẹja lọ́wọ́ àwọn tó fẹ̀yìntì nílùú wa, àwọn tó ń pàdé ní ilé panápaná àtijọ́ láti gbẹ́ igi, kí wọ́n sì bú ara wọn. Ó sún mọ́ wọn, ó bọ fìlà.

"Mísíìsì Kangas, mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ. Ẹ̀ ń gbẹ́ ẹja dáadáa. Ẹ ti wo àwòrán iṣẹ́ Rudd títí, tiyín ti ń jọ tiẹ̀. Ìyẹn ò burú. Àmọ́ kí ẹ wá máa sọ pé tiẹ̀ ni tiyín, ìyẹn ò dáa."

"Garrick, wo ojú mi."

"Mò ń wò yín, mà." Ó yíjú sí Fosse, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo àyíká gbọ́. "Ẹ ṣọ́ra, sà. Ẹnì kan ń gbẹ́ ayédèrú Rudd ní agbègbè yìí. Mi ò fẹ́ dárúkọ."

Kò dárúkọ lóòótọ́. Ojú gbogbo èèyàn tó yí sí Lempi ló bá a dárúkọ. Kò pẹ́ tí àwọn tó ṣètò ìpàtẹ fi wá bá Lempi nídìí tábìlì rẹ̀, wọ́n ní kó jọ̀ọ́ kó máa palẹ̀ mọ́.

"Ẹ̀yin lẹ fẹ́ kí ẹrù kúrò ńbẹ̀," ni Lempi wí. "Ẹ gbé e."

Ọkùnrin mẹ́ta ló gbé tábìlì àti ẹja rẹ̀ gba àárín èrò kọjá. Lempi ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, orí rẹ̀ sókè, ó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má fi ẹsẹ̀ tábìlì kọ ilẹ̀kùn.

Ìyáàfin yìí ti wa bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ nínú òjò dídì àti ìjì láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì pupa. Nígbà tó dá kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì padà, ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ohun tó máa dì mú mọ́. Á jí ní àfẹ̀mọ́júmọ́, á jókòó sínú ilé ìdáná, á máa wo ojú ọ̀nà. Odell Bruneau ló yọ ọ́ nínú ìyẹn. Àgbàlagbà Ojibwe ni Odell, ẹ̀yà àwọn onílẹ̀ àtètèdé agbègbè wa, ilé iṣẹ́ pákó ló ti fẹ̀yìntì, ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ ló sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹja nígbà èwe. Ó kan ilẹ̀kùn lọ́jọ́ kan, ó gbé igi kédárì kan sórí tábìlì, ó ní, "Ẹja kan wà nínú ìyẹn. Gbogbo ohun tí kì í ṣe ẹja, gé e dànù." Ẹja àkọ́kọ́ tí Lempi gbẹ́ jọ ọ̀dùnkún, Odell sì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Èkejì lúwẹ̀ẹ́. Láti ìgbà náà, Lempi tún ní ohun tó ń jí fún.

Lẹ́yìn ìpàtẹ, ọlọ́pàá wá. Marit Solheim ni, ọmọbìnrin tó wọ bọ́ọ̀sì Lempi láti kékeré títí ó fi jáde ìwé. Lempi ní kó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ó bọ́ ọ.

"Ẹ mọ ohun tó gbé mi wá, Mísíìsì Kangas."

"Bi mí."

"Ọ̀gbẹ́ni Fosse fẹ̀sùn kàn yín. Ó ní ẹ̀ ń ṣe ayédèrú iṣẹ́ Rudd."

"Ó rí mi níbi tí mo ti ń tà á?"

"Tolle ló sọ fún un. Ṣé ẹ ta ẹja fún Tolle rí?"

"Láìmọye ìgbà. Èmi, Odell, gbogbo wa ní ilé panápaná."

"Rìsíìtì ń kọ́?"

"Kò sí."

"Orúkọ yín lára ẹja?"

"Ó ní ká má kọ ọ́. Ó ní orúkọ máa ń ba ìkùn ẹja jẹ́."

"Ẹ̀yin náà sì gbà bẹ́ẹ̀."

"A gbà bẹ́ẹ̀. Inú wa dùn pé ẹnì kan fẹ́ ohun tí ọwọ́ wa ṣe. Kọ ìyẹn sílẹ̀."

Marit kò kọ ọ́. Ó mu kọfí tó wà níwájú rẹ̀, ó mí kanlẹ̀. "Tó bá dé kóòtù, ọ̀rọ̀ yín àti ọ̀rọ̀ tiẹ̀ ló máa kojú ara wọn, ẹni tó sì ní ọ̀bẹ àti ọ̀dà nílé nínú ẹ̀yin méjèèjì, ẹ̀yin ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sún mọ́ ọkùnrin yẹn."

"Mi ò lè ṣèlérí ìyẹn."

"Mo mọ̀," ni Marit wí, ó lọ wọ bàtà rẹ̀.

Tolle fúnra rẹ̀ ló wá lọ́jọ́ kejì. Ó mú àkàrà òyìnbó dání, ó gbé e sórí tábìlì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó jókòó. Lempi ń gbẹ́ ojú ẹja igi kan, kò gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Mísíìsì Kangas, ẹ jẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ yìí bíi mọ̀lẹ́bí. Ẹ kàn pe Fosse, ẹ ní ojú yín ló ṣì yín. Èmi á ní kó fa ẹ̀sùn ẹ̀ padà. Ẹ máa gbẹ́ ẹja yín lọ, èmi á máa rà á lọ."

"Ojú mi kò ṣì mí."

"Àgbà ti dé sí yín. Kò sẹ́ni tó máa bú yín sí i."

"Mo ní ojú mi kò ṣì mí."

Ẹ̀rín kúrò lójú Tolle. Ó fìka kan ara ẹja tó wà níwájú rẹ̀. "Gbọ́, ìwọ ìyá yìí. Bí wọ́n bá wá tú ilé yìí, kí ni wọ́n máa rí? Àwòrán ẹja Rudd lára ògiri. Ọ̀dà. Ọ̀bẹ. O máa fi ọjọ́ ogbó ẹ jókòó síwájú adájọ́, àwọn ọmọ tó o fi bọ́ọ̀sì gbé á máa ka orúkọ ẹ nínú ìwé ìròyìn. Mo lè ṣe ìyẹn. O ti rí i pé mo lè ṣe é."

Lempi dìde. Kò ga dé èjìká rẹ̀. Ó gbé àkàrà náà, ó tì í mọ́ ọn láyà títí ó fi dì í mú. "Mo ti lé ọmọkùnrin tó burú jù ẹ́ lọ sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì mi, nínú òtútù, tí màmá ẹ̀ sì wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Jáde nínú ilé mi."

Bí ọkọ̀ rẹ̀ ti lọ tán, Lempi kò sunkún. Ó pe Odell.

"Ó ń sọ àwọn ẹja wa di ògbólógbòó níbì kan," ló wí. "Iná ló fi ń ṣe é, mo gbóòórùn rẹ̀ lára aṣọ ẹ̀. Kì í ṣe nínú ìlú, à bá ti mọ̀. Níbo ló ń lọ?"

Odell ronú. "Ó gbé ahéré apẹja kan sórí yìnyín lẹ́yìn ṣóńṣó ilẹ̀ tó yọ sínú adágún, tá a ń pè ní Kestrel. Èéfín ń jáde ńbẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Mo ti ń sọ fún ara mi pé apẹja yẹn gbọ́dọ̀ burú púpọ̀, torí mi ò tíì rí ẹja kan lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀ rí."

Wọ́n gbé ahéré Odell lọ síbẹ̀ lórí ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀, torí yìnyín náà nípọn tó láti gbé ọkọ̀, wọ́n gúnlẹ̀ sí ibi tí wọ́n ti lè rí ti Tolle. Ahéré tí a fi ń dọdẹ ẹja lórí yìnyín kì í ní fèrèsé, kí òkùnkùn inú rẹ̀ lè jẹ́ kí omi ihò náà tàn yòò lábẹ́ ẹsẹ̀. Èyí tiwọn kò tàn rárá, torí Lempi ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ ó ń yọjú.

"Àwọn ẹja á rò pé a fẹ́ lọ sóde," ni Odell wí.

"Àgbàyà ni ẹ́. Pa ẹnu ẹ dé."

Òórùn kọfí jíjóná ń bá atẹ́gùn wá, àti òórùn mìíràn bíi ti awọ tó ń jóná. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, Tolle jáde, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó kọrí sí ìlú. Lempi ti ń rìn lọ kí Odell tó rí ibọ̀wọ́ rẹ̀.

Igi kékeré kan ni Tolle fi há ilẹ̀kùn. Lempi yọ ọ́, ó wọlé, ó sì dúró gbagidi.

Wọ́n so ẹja kọ́ láti òkè, lórí iná, bí ìgbà tí wọ́n ń yan ẹja gidi. Ẹja tirẹ̀ wà ńbẹ̀. Ẹja Odell wà ńbẹ̀, àwọn ẹja tírọ́ọ̀tì tí ó máa ń kán ọ̀dà pupa sí lára tó-tò-tó. Ti ìyá àgbà Skogen, ọ̀kan nínú àwọn ará ilé panápaná, tó kú lọ́dún tó kọjá, náà wà ńbẹ̀. Gbogbo wọn ti dúdú. Ìkòkò gọ́ọ̀mù awọ kan ń hó lórí sítóòfù pẹ̀lú kọfí àti eérú èédú nínú rẹ̀, ìṣó dídógùn-ún kún inú ìgò. Irin tí wọ́n gbẹ́ orúkọ Rudd sí wà lórí àpótí. Lempi nawọ́ sí ẹja rẹ̀.

"Fi í sílẹ̀."

Tolle ló dí ẹnu ọ̀nà. Ó ti gbàgbé fóònù rẹ̀, ó padà wá mú un. Ó wọlé, ó já ẹja náà gbà, ó sì gbé ọ̀kọ̀ kúrò lára ògiri. Ihò inú ilẹ̀ ahéré náà wà láàárín wọn, omi rẹ̀ tutù, ó dúdú.

"Omi yìí jìn ju ọ lọ," ló wí. "Ìyá arúgbó kan tó yọ̀ ṣubú lórí yìnyín. Ta ló máa béèrè?"

"Bi ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ."

Tolle yíjú. Odell dúró síta, ó gbé ọ̀pá irin tí a fi ń lu yìnyín lé èjìká, bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì.

"Ẹ ǹlẹ́ ńbẹ̀, Garrick," ni Odell wí. "Ẹja mi jóná díẹ̀ létí."

Tolle yẹ̀ kúrò lọ́nà. Lempi gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìyára. Fóònù rẹ̀ kì í ya àwòrán, ti Odell náà kì í ya á, Tolle sì mọ̀. Ó tilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ sínú ahéré.

Wọ́n pe Marit, ó sì dé kíákíá. Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣílẹ̀kùn, Tolle ló bá níbẹ̀, ó jókòó lórí àpótí, ọ̀kọ̀ wà lórí itan rẹ̀, ó ń wo inú omi. Kò sí ẹja tó so kọ́. Kò sí ìkòkò. Kò sí irin.

"Níbo ni wọ́n wà?" ni Marit béèrè.

"Àwọn wo?"

"Àwọn ẹja."

"Mi ò tíì rí ìkankan pa. Ẹ lè jókòó tì mí. Ó lè jẹ́ pé orí yín máa dáa ju tèmi lọ."

"Kí lò ń fi kọfí ṣe tó fi rùn báyìí?"

"Mo máa ń mu ún, ọ̀gá."

Marit tú gbogbo inú ahéré náà, ó tú ọkọ̀, kò rí nǹkan kan. Nígbà tó padà dé ọ̀dọ̀ Lempi, inú ń bí i. "Mo ní kí ẹ má sún mọ́ ọn. Ẹ wọ ahéré olóhun láìgbàṣẹ. Bó bá fẹ́, ó lè fi ìyẹn mú yín."

"Jẹ́ kó mú mi. Kó wá mú mi níwájú gbogbo ìlú, kí n lè sọ ohun tí mo rí."

"Mísíìsì Kangas, ẹ gba mí láyè kí n ṣe iṣẹ́ mi."

"Ṣe é nígbà náà," ni Lempi wí.

Oorun kò kùn ún lóru ọjọ́ náà. Bí ojúmọ́ ti mọ́, ó gba etí adágún lọ, ó wo ìhà Kestrel. Ahéré Tolle kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ti fi ọkọ̀ fà á lọ. Lempi dúró nínú òtútù, ó ń wo ibi òfìfo náà, lẹ́yìn náà ló yára padà sílé, ó gbé fóònù.

"Odell, kí là ń dà sínú ìkùn ẹja wa?"

"Òjé. Ṣé o ti ń gbàgbé ni?"

"Kí nìdí tá a fi ń dà á síbẹ̀?"

"Kó lè rì." Lempi gbọ́ tí Odell ń wọ bàtà. "Màá gbé ahéré wá," ló wí.

Lempi tún pe Fosse. Ọkùnrin náà fẹ́ já fóònù. "Ẹ pè mí ní oníjìbìtì lọ́dọ̀ ọlọ́pàá," ni Lempi wí fún un. "Ẹ wá tún un sọ lórí yìnyín, níbi tí ẹ ti máa rí mi dáadáa. Ẹ mú ẹja yín dání."

Wọ́n rí ojú ihò náà. Òfin wa ni pé ẹni tó bá fi ihò sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ri ẹ̀ka igi mọ́ ọn kí ẹlòmíràn má bàa jìn sí i, àmọ́ Tolle kò ri nǹkan kan, ńṣe ló da òjò dídì lé e. Odell fi irin lu yìnyín tuntun tó ti bò ó, wọ́n kó àfọ́kù rẹ̀ kúrò, wọ́n ti ahéré lé e lórí. Ìgbà yẹn ni Fosse dé, ó fi tówẹ́ẹ̀lì wé ẹja rẹ̀, ó gbá a mọ́yà. Ó wọlé láìkí ẹnikẹ́ni. Odell tilẹ̀kùn, òkùnkùn bò wọ́n, omi sì tàn.

Àwọn ẹja náà wà nísàlẹ̀. Wọ́n sùn sórí iyanrìn káàkiri, àwọn kan wé mọ́ okùn ara wọn. Lempi sọ ọ̀kọ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó tì í, ó sì fà á sókè. Tírọ́ọ̀tì Odell ló wà lẹ́nu rẹ̀.

Odell gbà á, ó ṣílẹ̀kùn díẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé. Gọ́ọ̀mù àti èédú ti bá omi lọ láàárín òru. Àwọn àmì ọ̀dà pupa náà ń dán lára ẹja bí ìgbà tí ó kán wọn síbẹ̀. Orúkọ Rudd nìkan ló kù ní ìkùn rẹ̀, ó mọ́ tónítóní, bí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀.

Lempi fa òmíràn sókè, àti òmíràn. Nígbà tó yá, ó gbé ọ̀kọ̀ sílẹ̀, ó wo Fosse.

"Ẹ ti tiyín bọ omi."

"Bó bá jẹ́ ti Rudd lóòótọ́, ọ̀dà àtijọ́ ara ẹ̀ á ṣí, mo ti bà á jẹ́ nìyẹn."

"Mo mọ̀."

"Ẹ ò mọ ohun tó jẹ́ fún mi."

"Ẹ ti sọ fún mi. Ó jẹ́ bàbá yín." Ohùn rẹ̀ rọ̀ díẹ̀, kò rọ̀ púpọ̀. "Tí ẹ ò bá fẹ́, ẹ gbé e padà sínú dígí. Àmọ́ ẹ ò ní lè wò ó mọ́ láìronú."

Ọkùnrin náà kúnlẹ̀ nídìí ihò. Ó tú tówẹ́ẹ̀lì, ó ti ẹja náà bọ omi, ó sì fi àtàǹpàkò ra ẹ̀yìn rẹ̀ nínú òtútù yẹn títí ọwọ́ rẹ̀ fi pọ́n. Omi yí padà, ó dúdú bíi kọfí. Lẹ́yìn náà ni àwọ̀ ewé bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lábẹ́ ìka rẹ̀.

Ó gbé ẹja náà lé itan lórí ìkúnlẹ̀. "Mo sọ fún bàbá mi pé mo ti rí i," ló wí nígbẹ̀yìn. "Mo lọ síbi sàréè ẹ̀, mo sọ fún un." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Mo sì pè yín ní oníjìbìtì."

"Ẹ pè mí bẹ́ẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà."

"Ẹ dìde. Orúnkún yín á gan."

Ariwo ọkọ̀ ló jẹ́ kí wọ́n jáde. Tolle ń bọ̀ láti ìhà ìlú, ó gbé àwọ̀n àti ọ̀pá gígùn sẹ́yìn ọkọ̀, ó ń bọ̀ wá kó ẹja rẹ̀. Ó rí ahéré Odell lórí ihò. Ó rí àwọn ẹja tí wọ́n tò sórí òjò dídì, pupa, ewé, funfun, nínú oòrùn àárọ̀. Ó dá ọkọ̀ dúró. Lempi gbé páìkì kan sókè kó lè rí i dáadáa.

Ọkọ̀ náà yí po, ó sáré padà. Ṣùgbọ́n Odell ti pe Marit, ọkọ̀ ọlọ́pàá sì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bọ́ sórí adágún. Tolle rí i, ó ṣẹ́ ọwọ́ ọkọ̀ sí àríwá, ó ń sá lọ sí èbúté kejì. Marit tẹ̀ lé e. Láti ibi tí wọ́n dúró, wọ́n ń wo ọkọ̀ méjèèjì bí wọ́n ṣe ń kéré sí i, òjò dídì ń tú lẹ́yìn wọn bí èéfín.

"Yìnyín ti ya, ó sì ti rú sókè níbẹ̀ yẹn," ni Odell wí. "Ó ga tó ìbàdí. Kò mọ̀."

Tolle kò mọ̀ lóòótọ́. Ọkọ̀ rẹ̀ gun gegele yìnyín náà, iwájú rẹ̀ gbé sókè, àwọn táyà ń yí lásán. Ó jáde, ó sá pẹ̀lú ẹsẹ̀. Bàtà ìlú ló wọ̀. Ó ṣubú, ó dìde, ó tún ṣubú. Nígbà tí Marit dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀, ó di kókósẹ̀ mú.

Marit gbé e wá sí ahéré, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ̀. Ó ka ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún un, ó ní kò pọn dandan kó sọ̀rọ̀. Tolle ní òun kò ní nǹkan láti fi pa mọ́.

"Ta ló ni ẹja wọ̀nyí?" ni Marit béèrè.

"Mi ò mọ̀ wọ́n."

"Ihò ẹ ni wọ́n ti jáde."

"Adágún ò ní olówó."

Lempi ti padà wọlé. Ó fa ohun kan sókè, ó wúwo, ó ń dún kínkín lára ọ̀kọ̀. Irin tí Tolle fi ń tẹ orúkọ Rudd ni, okùn ìdí rẹ̀ ló kọ́ ẹnu ọ̀kọ̀. Ó jù ú síwájú Tolle, lórí òjò dídì.

Tolle wò ó. Ó wo Fosse, tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì dúdú. Èjìká rẹ̀ wálẹ̀.

"Ta ni mo pa lára?" ló wí. Ohùn rírọ̀ náà ti lọ. "Àwọn arúgbó tó ń fi igi ṣeré. Èmi ni mo sọ ọ́ di nǹkan. Láìsí mi, inú àpótí ni wọn ì bá wà. Mo san owó fún wọn, inú wọn dùn. Àwọn tó rà á, inú tiwọn náà dùn. Ta ni inú ẹ̀ ò dùn?"

"Mélòó lo tà báyìí?" ni Marit béèrè.

"Mi ò kà wọ́n."

"Gbogbo ẹ̀ lo fi orúkọ Rudd tà?"

"Gbogbo ẹ̀. Ta ló máa ra ti awakọ̀ bọ́ọ̀sì?"

Odell gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Lempi fọwọ́ dá a dúró.

"Gbọ́ mi, Garrick," ló wí. "Nígbà tí mo fẹ̀yìntì, wọ́n fún mi ní aago ògiri, wọ́n ní kí n máa lọ sinmi. Gbogbo èèyàn ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti kú díẹ̀. Mo gbẹ́ ẹja yìí láti fi sọ fún ara mi pé mi ò tíì kú. O wá gbà á, o fi orúkọ òkú sí i. O ní ta lo pa lára. Èmi ni. Wò mí dáadáa, mo ṣì wà láàyè."

Tolle kò wò ó. Marit mú un lápá, ó sì ń mú un lọ sínú ọkọ̀. Nínú ọ́fíìsì ọlọ́pàá ni Tolle ti jẹ́wọ́ tán, títí dórí ẹja tó tà ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Adájọ́ kò fojú kékeré wò ó. Àwọn tó ṣètò ìpàtẹ wá bẹ Lempi nílé rẹ̀, wọ́n ní tábìlì iwájú ni wọ́n máa fún un lọ́dún tó ń bọ̀. Ó ní òun á wá, bí wọ́n bá máa gbé tábìlì náà fúnra wọn. Ní ilé panápaná àtijọ́, wọ́n jẹ ìrẹsì tó ń hù fúnra rẹ̀ létí adágún, tí Odell sè, olúkúlùkù sì fi ìṣó gbígbóná kọ orúkọ ara rẹ̀ sí ìkùn ẹja tirẹ̀. Orúkọ ìyá àgbà Skogen ni wọ́n jọ kọ.

Kí àkókò ọdẹ yìnyín tó parí, Fosse wá, ó kan ilẹ̀kùn Lempi. Ó mú páìkì náà dání. Kò gbé e sínú dígí mọ́. Ó ní òun kò tíì dọdẹ rí láti ìgbà tí bàbá òun ti kú, òun sì fẹ́ mọ̀ bí ẹja náà ṣe ń lúwẹ̀ẹ́.

Wọ́n jókòó sínú ahéré Odell, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nínú òkùnkùn. Lempi sọ ẹja náà sínú omi, ó fi okùn fà á díẹ̀. Ìrù títẹ̀ yẹn ló mú un yípo, ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó dìde. Fosse di ọ̀kọ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, nǹkan kan yọ láti abẹ́ yìnyín. Páìkì gidi ni, ó gùn ju apá èèyàn lọ. Kò sáré. Ó wá jẹ́jẹ́ títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹja Lempi, ó dúró síbẹ̀, lẹ́bẹ́ rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀, ó ń wò ó.

"Gún un," ni Odell sọ wúyẹ́wúyẹ́.

Fosse kò gún un. Ó gbàgbé ọ̀kọ̀ lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ẹja náà wò títí, ó yí po lẹ́ẹ̀kan, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

"Ó rò pé tòótọ́ ni," ni Fosse wí.

"Tòótọ́ ni," ni Lempi dáhùn, ó sì tún fa okùn.